Ọkọ̀ Gidan Yashi

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni Tàjùdéèn Ọ̀ṣúnṣínà, jórinjórin ọmọ Ìlọrin tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Kofar Doya, kò ti gba iṣẹ́ géètì mọ́. Ọkọ̀ kan ló ń kàn. Ibùsùn irin ni, ó ní ìbòrí tapólì, táyà rẹ̀ méjèèjì sì gbòòrò kí iyanrìn má baà gbé e mì. Ọ̀kadà ni yóò máa fà á.

Pẹ̀lúmi, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Sókótó gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀, gba yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà. Ó bi í pé kí ló ń ṣe.

"Ọkọ̀ abúlé àwọn àna mi ni," Tàjùdéèn fèsì. "Gidan Yashi. Ilé ibẹ̀ ò pọ̀. Wọ́n bẹ ìjọba fún ọ̀nà, ìjọba ní èèyàn ibẹ̀ ti kéré jù. Mọ́tò kì í débẹ̀. Bí àìsàn bá dé sí èèyàn, ńṣe ni wọ́n á gbé e rìn nínú iyanrìn títí dé títì."

"Ìyàwó yín ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n? Mi ò tíì rí wọn."

"Aminah? Ibẹ̀ ló wà. Oyún àkọ́kọ́ ló gbé e lọ. Ilé ìyá ni àwọn Hausa ti ń bí àkọ́bí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè parí ẹ o."

"Mò ń gbìyànjú."

Ràfíátù onídìrí, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ló ń gbé oúnjẹ wá fún un, tí yóò sì dúró tì í títí yóò fi jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kan, Pẹ̀lúmi sọ fún Ràfíátù pé inú Aminah á dùn bó bá rí ọkọ̀ yìí. Ràfíátù wò ó, ó sì padà sórí irun tó ń dì.

Ọ̀dà tí Tàjùdéèn fi kun ọkọ̀ náà kò tíì gbẹ tán tí fóònù fi dún. Tàjùdéèn gbọ́ tán, ó dìde.

"Ìrọbí ti bẹ̀rẹ̀," ó ní. Ó so ọkọ̀ náà mọ́ ọ̀kadà.

Pẹ̀lúmi gbé àpò rẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn Tàjùdéèn lórí ọ̀kadà. Wọ́n gba Kofar Kware jáde. Nígbà tó yá, títì tán, ó ku iyanrìn.

Ní Gidan Yashi, àwọn obìnrin ti dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá kan. Tàjùdéèn kò wọlé. Pẹ̀lúmi bá aboyún náà lórí ẹní, ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára rẹ̀. "Sannu, sannu," ló fi ń kí i pẹ̀lẹ́, nítorí kò tíì gbọ́ Hausa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun àti ọ̀dọ́kùnrin kan nínú agboolé, tí wọ́n ń pè ní Bashir, gbé e sórí ibùsùn irin. Ìyá arúgbó kan di ọwọ́ Tàjùdéèn mú, ó ń sunkún, ó ń sọ gbólóhùn kan náà lásọtúnsọ ní Hausa. Tàjùdéèn kàn ń mi orí.

Bashir jókòó ti aboyún náà, kò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ títí wọ́n fi kúrò nínú iyanrìn. Ibi tí ọkọ̀ ti rì, Tàjùdéèn sọ̀kalẹ̀, ó fi èjìká tì í jáde.

Wọ́n dé ilé ìwòsàn nígbà tí wọ́n ń pe ìrun Àsárì. Kò pẹ́ tí igbe ọmọ fi sọ. Pẹ̀lúmi sáré jáde sí àgbàlá, ó bá Tàjùdéèn tó ń nu ẹ̀jẹ̀ lára ibùsùn irin náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire! Ọkùnrin ni. Tìyá tọmọ ló wà láyọ̀. Ẹ wá kí Aminah yín."

"Zahrau nìyẹn, ìyàwó Bashir àbúrò Aminah," ni Tàjùdéèn wí, kò gbójú sókè, "orí ilẹ̀kùn onípákó ni wọ́n gbé Aminah lé nígbà òjò, òun àti ọmọ inú rẹ̀, wọn ò sì dé títì láàyè."