Ṣé O Ti Yó?

Òórùn náà ló kọ́kọ́ rí Fadérera lára, àfi bí ọ̀rá ẹran tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò.

"Ẹ̀gbọ́n Lámídì, ta ló dáná nínú yàrá tí a ti ń dán ẹ̀rọ wò yìí? Irú ìwà ọ̀bùn wo nìyí?"

"Kò sẹ́ni tó dáná o," ni Lámídì, ẹnìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́, dáhùn látẹnu ọ̀nà.

Mọ́tò kan péré, ẹ̀rọ onírin tí iná ń yí, ló wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń mú un ṣe bí ẹ̀rọ amúnáwá ńlá tó ń jẹ gáàsì, kí wọ́n lè fi dán wáyà iná ìlú wò. Gáàsì gidi kò kàn án rí. Síbẹ̀, bílẹ̀ bá ti ṣú, tí wọ́n fẹ́ pa á, wọ́n á kọ́kọ́ fi ṣeré bi í pé, "Ṣé o ti yó?"

Fadérera fọwọ́ kan mọ́tò náà. Ọ̀rá dúdú tó ń fà bí itọ́ lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀.

"Bi í ná, ká tó pa á," ni Lámídì wí.

"Kí n máa bá irin sọ̀rọ̀? Ṣíọ̀!"

Ó pa kọ̀ǹpútà, Lámídì sì fa wáyà yọ. Mọ́tò dúró jẹ́ẹ́.

Fadérera na ọwọ́ ẹlẹ́gbin náà sẹ́yìn, jìnnà sí aṣọ rẹ̀, ó kọjú sí Lámídì, ó ní kó fún òun ní àkísà. Láti ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí mọ́tò wà, ahọ́n gbígbóná kan rọra lá ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo wọn fi mọ́.