Àǹtí Ọlọ́dà àti Àwòrán Ìyá Àgbà

Ẹ má tíì sáré kọjá o. Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ọwọ́.

1.
Olùkọ́ kan wà tí àwọn ọmọ ń pè ní Àǹtí Ọlọ́dà. Ó dá ẹgbẹ́ ayàwòrán sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ lórí ayélujára. Nírọ̀lẹ́ Sátidé, kálukú á tan fóònù, ẹlòmíràn nínú ilé ìdáná, ẹlòmíràn lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọn á jọ máa yàwòrán, wọn á sì máa fira wọn ṣẹ̀fẹ̀.

2.
Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í yin Àǹtí. Ìyìn náà pa á bí ọtí. Kò pẹ́, ó ń fi kọ̀ǹpútà tún iṣẹ́ àwọn ọmọ ṣe kó tó gbé e síta: imú tó wọ́, á nà án, àwọ̀ tó ṣá, á mú un tàn. Àbúrò rẹ̀ rí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé àwọn ọmọ yìí mọ̀?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ mọ̀? Ṣebí mò ń gbé wọn ga ni."

"Ara yín lẹ ń gbé ga o."

Àǹtí ní kó gbẹ́nu dákẹ́.

3.
Ọmọbìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ náà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Ó ya ojú màmá náà, tòun ti àpá ńlá tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn. Àǹtí pa àpá náà rẹ́, ó mú kí ojú náà jọ̀lọ̀.

Ọjọ́ àfihàn iṣẹ́ àwọn ọmọ pé, tẹbítọ̀rẹ́ ń wò lórí fóònù. Bí àwòrán yìí ṣe jáde, àtẹ́wọ́ sọ. Ṣùgbọ́n omi lé sójú ọmọ náà.

"Àǹtí, ta nìyí?"

"Ìyá àgbà rẹ ni, ọmọ mi."

"Rárá mà. Àpá wọn dà? Ibẹ̀ ni mo máa ń fọwọ́ pa kí n tó sùn."

Ọmọ mìíràn bá ní, "Èmi náà, kì í ṣe bí mo ṣe ya tèmi nìyẹn."

4.
Àǹtí pe ìyá ọmọ náà, ó ń bẹ̀bẹ̀.

"A ti gbọ́, mà," ni ìyá náà dáhùn. "Àmọ́ ó ti kó gbogbo ọ̀dà rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Ó ní bí ẹ ṣe tún iṣẹ́ òun ṣe yẹn, ó dájú pé ọwọ́ òun ò dáa."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Àǹtí lọ́kàn. Nígbà tí Sátidé tún pé, ó tan kọ̀ǹpútà, ó jókòó, ó dúró, ó dúró. Ẹnì kankan ò wọlé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ṣọ́ra o! Bí iṣẹ́ ọmọ bá wọ́, ẹ fi ọ̀nà hàn án, kí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ tún un ṣe. Ẹ má torí àtẹ́wọ́ pa ẹ̀bùn ọmọ ọlọ́mọ. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ akèrègbè.