Kí Abẹ́rẹ́ Má Kan Pupa

Mo pa fáànù. Mo ti fèrèsé kí ariwo páàkì Ajah má bàa wọlé.

Rẹ́kọ́dà tí Ràṣídì ọmọ wa rà wà lórí tábìlì. Ọkọ mi, tí wọ́n máa ń pe ìrun ní mọ́sálásí àdúgbò wa, jókòó sídìí máìkì.

Wọ́n pe ìrun. Abẹ́rẹ́ tó ń wọn ohùn nínú dígí ara rẹ́kọ́dà fò lọ sójú pupa, ó dúró síbẹ̀.

"Bàbá Ràṣídì, ẹ sún sẹ́yìn. Tó bá ti wọ pupa, ohùn yín á fọ́."

"Bí mo ṣe máa ń pè é nìyí."

"Ẹ má bá mi jiyàn, ẹ jọ̀ọ́."

Mo yí bọ́tìnnì ohùn wálẹ̀. Wọ́n tún un pè. Abẹ́rẹ́ ń jó, kò kan pupa.

"Ó tán nìyẹn," ni wọ́n wí. "Gbé e fún wọn ní mọ́sálásí."

"Ó ku tèmi. Ẹ pè mí, bí ẹ ṣe máa ń pè mí tí omi ìwẹ̀ yín bá pẹ́."

"Ìyá Ràṣídì!"

"Ẹ wá pè mí bí ẹ ṣe máa ń pè mí tí ara mi ò bá yá."

Wọ́n rọra ní, "Sìdíkàt."

Abẹ́rẹ́ ò mira. Mo yí bọ́tìnnì sókè títí ó fi dé òpin.

"Ẹ tún un pè."

"Ọ̀nà ọ̀fun ń dùn mí."

"Mo mọ̀. Ẹ tún un pè."

Láàárọ̀ ọ̀la, dókítà máa yọ gògóńgò wọn nítorí jẹjẹrẹ. Ohùn wọn á bá a lọ.

"Sìdíkàt."

Abẹ́rẹ́ gbéra. Òun ni mò ń wò. N ò wo ojú wọn.