Pẹ́nì Les Tí Alby Ha

Ẹ dákun, ẹ má kàn wò ó kọjá. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, pàápàá ẹ̀yin tí àwọn èèyàn ń pè ní ọ̀gá.

Ní Bendigo, ìlú kan ní Ọsirélíà, Alby Crothers ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó owó onírin àtijọ́ jọ máa ń wò lójú. Tí pẹ́nì kan bá rí bákan, òun ló máa sọ bóyá ilé tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ló ṣe àṣìṣe, àbí ẹnì kan ló bà á jẹ́ lẹ́yìn náà. Ó ti ṣe é pẹ́ débi pé kì í sábà mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá jáde mọ́.

Noreen, tí ọkọ rẹ̀ Les ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, mú pẹ́nì ọkọ rẹ̀ wá sípàdé ẹgbẹ́ náà. Orí ọba wà lójú kan bó ṣe yẹ. Lójú kejì, níbi tó yẹ kí kangarúù wà, orí ọba náà ló tún wà níbẹ̀, àmọ́ ó rì wọnú, ó sì kọjú sódì. Gbogbo ayé Les ló fi ń sọ pé bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Noreen kàn fẹ́ gbọ́ pé ọkọ òun ò purọ́ ni.

Alby rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ fáìsì rèé, irin tí wọ́n fi ń fún nǹkan mọ́ra. Pẹ́nì méjì ló kì sínú ẹ̀, ó fún wọn pa títí orí ọba ara ọ̀kan fi tẹ̀ sára èkejì. Les, ọmọ burúkú, o mú wa ṣeré gan-an."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Noreen ní kí Alby máa mú un lọ, òun ò fẹ́ rí i nílé mọ́.

Ọjọ́ Anzac ń bọ̀, ọjọ́ tí wọ́n fi ń rántí àwọn sójà tó kú sógun, tí wọ́n sì máa ń fi pẹ́nì ta tẹ́tẹ́ nílé ọtí, wọ́n á jù ú sókè. Èyí tí ò wúlò ni wọ́n ń lò. Wọ́n á ha orí ọba kó dán, wọ́n á fi ọ̀dà funfun fa àgbélébùú sẹ́yìn, kí wọ́n lè tètè mọ ojú tó hàn. Alby fi máṣíìnì ha ti Les títí imú ọba fi lọ. Ìgbà tó yí i padà láti kùn ún ló tó mú awò. Ká ní fáìsì ni, ìrù kangarúù á ṣì hàn lábẹ́ orí tó rì yẹn, orí ọba tó wà lójú kìn-ín-ní á sì ti pẹlẹbẹ. Kò rí ìrù kankan. Kangarúù ò débẹ̀ rí. Orí ọba tó yẹ kó jẹ́rìí fún Les, òun fúnra ẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ha dànù yẹn.

Ojú tì í láti jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó fa àgbélébùú náà.

Lọ́jọ́ Anzac, gbogbo ìgbà tí pẹ́nì yẹn bá balẹ̀, á gbójú kúrò níbẹ̀. Láti ìgbà náà, tó bá ń fá irùngbọ̀n, ọba tí ò nímú ló ń wò ó nínú dígí. Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó mú pẹ́nì náà lọ bá Noreen. Noreen ti yọ fọ́tò Les kúrò lára ògiri.

"Noreen, òótọ́ ni Les sọ."

Obìnrin náà gba pẹ́nì náà, ó fi àtàǹpàkò ra ojú rẹ̀. "Fi hàn mí."

Orí ọba ti lọ, ọ̀dà àti jíjù sílẹ̀ sì ti ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́; kò sí ẹ̀rí tó máa fi hàn.

"Àánú mi ló ń ṣe ẹ́, Alby. O ṣeun. Máa lọ."

Àwọn ẹgbẹ́ náà ní ó fẹ́ tu opó nínú ni. Irọ́ rẹ̀ ni wọ́n gbà. Òótọ́ rẹ̀, wọn ò gbà á títí dòní.

Ẹ ṣọ́ra o. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ẹni tí ò lè dá yín lóhùn mọ́. Tí ẹ bá sì ti ṣì í sọ, ẹ tètè jẹ́wọ́, nígbà tí ẹ̀rí ṣì wà.