Ẹsẹ̀ Mẹ́rin Ẹtu

Àlọ́ mi fò, ó ga ju ogún ìrókò lọ, orí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló bà lé.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní kí gbogbo ẹranko máa kó iṣu wá fún òun lọ́dọọdún. Ẹni tí àìsàn ńlá bá gbé dè, òun á máa bọ́ ọ. Ó wá fi orin ṣàlàyé àìsàn ńlá:

Bẹ́sẹ̀ kan bá rọ, kì í ṣàìsàn ńlá.
— Jáńjálá, a gbà o!
Bí mẹ́ta bá rọ, kì í ṣàìsàn ńlá.
— Jáńjálá, a gbà o!
Àfi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
— Jáńjálá, a gbà o!

Ègbè Ẹtu nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ojú ọ̀run ya. Orin dùn báyẹn, ta ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀?

Lọ́dún kẹta, ẹsẹ̀ Ẹtu mẹ́ta rọ. Kò lè jẹ̀ mọ́, ebi ń pa ọmọ rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ìyẹn dé, ó rin ín ní ẹsẹ̀ kẹrin, ẹsẹ̀ ta pàá.

"Ìyá ọmọ, àìsàn kékeré nìyí."

"Bàbá, mò ń kú lọ!"

"Ṣebí ìwọ lo gbè é jù?"

Ọ̀yà, aládùúgbò rẹ̀, ló ń já ewé bọ́ ọ tí ara rẹ̀ fi yá.

Nígbà ìkórè, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tún gbé orin dé. Ó dá a títí, ẹnikẹ́ni ò gbè é. Ẹtu tiro jáde.

"Bàbá, ẹ gbé orin jù sílẹ̀ ná. Ẹ fẹnu lásán sọ ọ́, ẹ má sáré."