Ọwọ́ Dorcas Ló Kọ Ọ́, Ẹnu Yẹ́misí Ló Ti Jáde

Ẹ̀yin tí ẹ ní ohun kan lẹ́yìn tí ẹ kì í fẹ́ bojú wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ kà á tán, kí ẹ tó fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

1.
Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, ní ọdún 1937, ní iléèwé míṣọ́ọ̀nù kan tí àwọn ọmọbìnrin ń gbé. Olúyẹ́misí àti Dorcas Àbíkẹ́ jọ ń sùn lórí ẹní kan ni. Yẹ́misí mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ. Dorcas mọ̀wéé kọ, ọwọ́ rẹ̀ gún bí ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀. Nígbà tí ọkàn Yẹ́misí fà sí ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà, ó ń sọ̀rọ̀, Dorcas ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọn kò fi orúkọ kankan sí lẹ́tà náà.

Ìyáàfin tó ń ṣàkóso iléèwé rí i. Ó mọ ọwọ́ Dorcas lójú ẹsẹ̀.

"Ta ló ni ọ̀rọ̀ yìí?"

Dorcas yíjú sí Yẹ́misí, ó ń wò ó.

"Yẹ́misí, ṣé o mọ nǹkan kan nípa rẹ̀?"

"Rárá, Mà."

Ọ̀rọ̀ méjì péré. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, Dorcas ti gbé àpótí rẹ̀ rù, ó ti ń lọ sílé.

2.
Yẹ́misí kàwé yanjú. Ó di tíṣà, ó fẹ́ Ọládépò, akọ̀wé kóòtù ní Ọ̀yọ́, wọ́n sì ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Nígbà tó fi máa di ọdún 1956, òun ni ọ̀gá iléèwé mọ́dáànù ọmọbìnrin kan, tí àwọn ọmọ ń lọ lẹ́yìn pírámárì, òun náà ló ń kọ́ àwọn obìnrin ní Bíbélì ní ọjọọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀kọ́ tó fẹ́ràn jù ni ti Pọ́ọ̀lù, pé kí Kristẹni gbàgbé ohun tó wà lẹ́yìn, kó máa nàgà sí iwájú. Ó ń kọ́ni dáadáa. Àwọn ẹlòmíràn a máa sunkún.

Dorcas ńkọ́? Bàbá rẹ̀ ní òun kò ní ná kọ́bọ̀ mọ́ lórí ọmọ tó ń wá ọkùnrin kiri. Wọ́n fi í fún ọkọ, ó sì ń yan gàrí.

3.
Ní oṣù kìíní ọdún náà, wọ́n ń yẹ àwọn ọmọ tuntun wò. Ọmọ kan láti Ògbómọ̀ṣọ́, Àyọ̀ká, ló gba ipò kìíní nínú ìdánwò. Ìyá rẹ̀ bá a wọlé. Yẹ́misí gbójú sókè, ó rí Dorcas.

Dorcas kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Bóyá ẹ lè rántí mi."

"Èèyàn tí mò ń rí pọ̀," ni Yẹ́misí wí. "Ẹ lọ dúró níta."

Ẹ̀rù bà á. Bí ọmọ yìí bá wọlé, ìyá rẹ̀ á máa wá, ọjọ́ kan á sì sọ̀rọ̀. Ó fa ìlà pa orúkọ Àyọ̀ká.

Tíṣà Gabriel, igbákejì rẹ̀, ní, "Mà, ọmọ yìí ló ṣe ipò kìíní."

"Mo mọ ìyá rẹ̀. Wọ́n lé e níléèwé nítorí ọkùnrin. A kò fẹ́ irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ níbí."

Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ ò rí nǹkan? Irọ́ tó fi ọ̀rọ̀ méjì pa ní kékeré ló ti wá di ohun tó ń fi ba ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórúkọ jẹ́ lágbà.

Fèrèsé ṣí sílẹ̀. Àyọ̀ká gbọ́, ó yíjú wo ìyá rẹ̀. Dorcas kàn di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. "Dìde, jẹ́ ká lọ. Mọ́tò kò ní pẹ́ gbéra."

4.
Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lẹ́yìn Àjíǹde, Yẹ́misí tún ń kọ́ àwọn obìnrin ní ẹ̀kọ́ gbígbàgbé yẹn, ni màmá àgbà kan béèrè pé, "Tíṣà, ẹni tí a ṣẹ̀ ńkọ́? Ṣé òun náà ti gbàgbé?"

Yẹ́misí pa Bíbélì dé. Lọ́jọ́ kejì ó wọ mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́.

Ó bá Dorcas nídìí agbada gàrí, èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pupa. Ó kúnlẹ̀ sínú eérú.

"Àbíkẹ́, èmi ni mo ni ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yẹn."

"Ṣebí èmi ni mo kọ ọ́. Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ìwọ ni mò ń dúró dè. Títí mo fi dé ẹnu géètì, mo rò pé wàá pè mí padà." Ó ń ro gàrí lọ. "Mi ò mú ọmọ mi wá láti dójú tì ọ́. Mo sọ fún un pé ọ̀rẹ́ mi ni ọ̀gá níbẹ̀."

Yẹ́misí bú sẹ́kún. "Níbo ló wà? Lọ́la ni mo máa mú un wọlé."

"Ó sọ ohun tó gbọ́ fún bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní ìwé ló bà mí jẹ́, kò ní ba ọmọ òun jẹ́. Ó ti fi í ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Gold Coast, pé kó máa bá a tajà." Ó ti igi sínú iná. "Mo ti dárí jì ọ́ nítorí Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ibi tí o ti bà mí lórúkọ jẹ́, padà síbẹ̀ kí o tún un ṣe."

5.
Ní ọjọ́ Ìsinmi, Yẹ́misí dìde níwájú ìjọ tó ni iléèwé rẹ̀, níṣojú Tíṣà Gabriel, ó sọ ọ́ láìfi ìkankan pamọ́. Ojú tì í débi pé kò lè gbé orí sókè. Wọ́n gba ipò ọ̀gá lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún ẹlòmíràn. Ó di ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní níbẹ̀ ni òun ti kọ́kọ́ gbàdúrà tí òun kò fi nǹkan kan pamọ́ fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n Àyọ̀ká kò wọ iléèwé mọ́ títí.

Ẹ̀yin ará mi, a kì í fi orúkọ Jésù bo ẹni tí a ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ẹnì kan bá wà tó ń jẹ ìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, dìde lónìí tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà nílé. Lọ bá a. Ọlọ́run a máa dárí jini, ṣùgbọ́n ọdún tí a bà jẹ́ fún ọmọnìkejì kì í padà. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé.