Ọjọ́ Tí Akínlàjà Gbọ́ Ohùn Ara Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ní ìlú Ìkìrun níbí, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Akínlàjà. Ó ní sitúdíò, ibi tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àléébù rẹ̀ ni pé kò gbà pé òun lè ṣàṣìṣe láé. Bí orin bá dùn, òun ló ṣe é. Bí kò bá dùn, akọrin ni kò mọ orin kọ.

Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan láti gba orin àjọ̀dún ìjọ sílẹ̀. Èmi náà bá wọn lọ, nítorí mo wà lára àwọn tó ń gbè é. Fadérera ni yóò lé orin náà. Bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé ló kọ ọ́, láti kékeré ni ọmọ náà sì ti ń retí ọjọ́ tí òun yóò dúró lé e.

Akínlàjà fún un ní hẹdifóònù tí wọ́n ń dé sétí, ó ní kó wọ inú yàrá onígíláàsì, kó dúró níwájú makirofóònù. Fadérera bẹ̀rẹ̀, àmọ́ orin náà ń fà. Ó tún un kọ, ó tún ń fà. Ó ṣàlàyé pé ohùn òun ń pẹ́ kó tó dé etí òun, àfi bíi pé ẹnì kan ń sín òun jẹ. Akínlàjà rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí gbogbo ẹni tí kò lè bá ìlù rìn máa ń sọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Àpótí kékeré kan ló ń gbé ohùn láti makirofóònù wọ kọ̀ǹpútà. Àpótí náà ní míkísà tirẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń pín ohùn, tí wọ́n máa ń ṣí lójú kọ̀ǹpútà, tó lè dá ohùn akọrin padà sí i létí lójú ẹsẹ̀. Akínlàjà kì í ṣí i, ó ní àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ló wà fún. Ṣe ló máa ń jẹ́ kí ohùn lọ yí gbogbo inú kọ̀ǹpútà ká, kó gba oríṣiríṣi adùn tó fi sí i, kó tó padà wá. Nídìí sípíkà tó jókòó sí, adùn yẹn nìkan ló ń gbọ́. Kò dé hẹdifóònù akọrin wò rí.

Bàbá Oyèwọlé, ọ̀gá akọrin wa, bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago. Nígbà tó yá, ó pe Fadérera jáde, ó ní kó má bínú, kó jẹ́ kí ẹlòmíràn lé orin náà. Àyà ọmọ náà já, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Inú mi bàjẹ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n Fadérera kò bú ẹnikẹ́ni. Ó yíjú sí Akínlàjà, ó kúnlẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dé hẹdifóònù yìí sétí yín, kí ẹ kì oríkì yín sí makirofóònù. Bó bá lọ geere, màá fi orin bàbá mi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn."

Akínlàjà tó fẹ́ràn oríkì ara rẹ̀ ju oúnjẹ lọ! Ó wọlé, ó na àyà, ó bẹ̀rẹ̀. Kò tíì kan baba tó bí baba rẹ̀ tí ahọ́n rẹ̀ fi lọ́. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ tó ń pẹ́ dé etí rẹ̀ ń dà á rú, ó ń kálòlò. Oríkì tí ìyá rẹ̀ fi ń jí i láràárọ̀ wá di ohun tí kò lè kì tán. Gbogbo wa ń wò ó láti ẹ̀yìn gíláàsì, ẹ̀rín ń gbọ̀n wá nínú.

Ó lè sọ pé hẹdifóònù ló bàjẹ́, à bá sì gbà á gbọ́. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó jáde, ó ṣí fìlà lórí, ó kọjú sí Bàbá Oyèwọlé.

"Ohùn ọmọ yìí kò ní àléébù kankan, sà. Èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kó kọ orin bàbá rẹ̀."

Ó jókòó, ó ṣí míkísà àpótí náà, ó darí ohùn Fadérera tààrà sí i létí, ó sì pa èyí tó ń ti inú kọ̀ǹpútà pẹ́ dé, kí méjèèjì má baà kọlura. Fadérera tún wọlé. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ náà kọrin! Kò fà, kò sáré, ó lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwa náà sì gbè é bó ti yẹ ká gbè é. Bàbá Oyèwọlé bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nu omijé. Orí mi wú.

Lónìí, akọrin kankan kì í wọ inú yàrá yẹn kí Akínlàjà fúnra rẹ̀ má kọ́kọ́ dé hẹdifóònù náà wò. Láti Ọ̀ṣogbo ni wọ́n ti ń wá bá a báyìí.

Nítorí náà, kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ dúró síbi tó dúró sí, kí ẹ gbọ́ ohun tó ń gbọ́. Bí ẹ bá sì rí i pé ẹ̀yin lẹ ṣàṣìṣe, ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, kí ẹ sì tún un ṣe. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń fi yangàn pé ọmọ ìlú mi ni.